Igbá Là Á Sọ, A Kì Í Sọ Àwo

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbólóhùn kan ti ń gún mi lọ́kàn. Ibi gbogbo la ti ń gbọ́ ọ: lábẹ́ àtíbàbà ní Ọjà Akẹ̀sán, nínú ọkọ̀ tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ Ògbómọ̀ṣọ́, lórí rédíò láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí ará ìlú pè wọlé. "Kò sóhun tó ṣeé tún ṣe mọ́. Kí gbogbo ẹ̀ kúkú dojú dé, ká wá tún un tò láti ìpìlẹ̀." Kì í ṣe ọmọ ìta nìkan ló ń sọ ọ́. Olùkọ́ ń sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, ìyá aláta tí owó ọkọ̀ ti gbé èrè ẹ̀ lọ ń sọ ọ́.

Ìbínú wọn kọ́ ló ń gún mi. Ìbínú náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fi ìlà kan ṣòfò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń ra gààrí nílùú yìí. "Dojú dé" yẹn ni. Igbá la máa ń dojú ẹ̀ dé. Ìlú onígbá fínfín ni Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí ayé fi mọ̀ wá ni. Ó yẹ ká mọ ohun tí igbá lè fara dà àtohun tí kò lè fara dà. Ó sì yẹ ká rántí pé Ọ̀yọ́ tí à ń gbé lónìí yìí, ìlú àwọn tó sá àsálà ni. Ọ̀yọ́ mìíràn wà ṣáájú rẹ̀, àwọn tó dà á rú kì í sì í ṣe wèrè. Èèyàn tó ní ẹ̀sùn gidi lọ́wọ́ ni wọ́n.

Igbá òfo

Ẹni tó bá rò pé ńṣe làwọn baba wa kàn ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba tó ń fìyà jẹ wọ́n kò mọ Ọ̀yọ́. Òfin wà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ méje, láti orí Baṣọ̀run dé Aṣípa. Àwọn ló ń yan ọba, àwọn náà ló lè kọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọba bá bàjẹ́ tán, igbá òfo tí wọ́n fi ìdérí dé ni wọ́n á gbé ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá igbá náà rìn kò ju mẹ́ta lọ: òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọba á sùn, kò ní jí. Ọjà kò ní tú, ilé ẹnikẹ́ni kò ní jó, ọba mìíràn á sì gun orí oyè.

Òfin líle ni, mi ò ní í pè é ní òfin tó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kàn án. Baṣọ̀run tó ń kọ ọba kì í ṣe ọmọ ọba, kò lè gba oyè náà fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí èrè ìtẹ́ fún un nínú ikú ọba. Ẹ̀yìn àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ni àwọn Ògbóni wà, tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọba. Ẹni tí inú ń bí ní ọ̀nà tí ìbínú rẹ̀ lè gbà débi ìtẹ́ láìjẹ́ pé ó dá iná sun ìlú.

Ọ̀nà yìí náà ṣeé bàjẹ́. Láti 1754 dé 1774, Baṣọ̀run Gáà sọ abẹ́rẹ́ di ọ̀bẹ. Ó ń fi òfin igbá lé ọba kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń pín àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ààfin. Gbogbo wa la mọ bó ṣe parí; ọmọdé Ọ̀yọ́ tí kò mọ "o láyà o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà o ó sọ òótọ́" kò wọ́pọ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí Aláàfin Abíọ́dún ṣe tún nǹkan ṣe lẹ́yìn ikú Gáà. Kò pa oyè Baṣọ̀run rẹ́. Kò tú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ká. Ẹni tó bàjẹ́ ló mú kúrò, ó sì fi àga sílẹ̀ níbi tó wà.

Síbẹ̀, ìtúnṣe yẹn ní àlébù tirẹ̀. Ọyabí, Kakaǹfò (olórí ogun Ọ̀yọ́) tó wà ní Àjàṣẹ́, ló bá Abíọ́dún kó ogun wọ Ọ̀yọ́ láti mú Gáà. Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ogun ẹ̀yìn odi mọ ọ̀nà ààfin. Nǹkan bí ọdún méjìlélógún péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún tọ ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́ tí àwo fọ́

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí nìyí, ní nǹkan bí 1796.

Aólẹ̀ ló wà lórí oyè. Àfọ̀njá, tó wà ní Ìlọrin, ti fi agbára gba oyè Kakaǹfò lọ́wọ́ rẹ̀, ọba sì ti pinnu láti fi ọgbọ́n pa á. Ìbúra Kakaǹfò ni pé ogun tí wọ́n bá rán an, kó ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kó kú. Ìlú Ìwéré ni wọ́n rán an lọ, ìlú olókè tí odi rẹ̀ ju ohun tí ọfà àti ọ̀kọ̀ ìgbà náà lè ṣẹ́ lọ. Àfọ̀njá kò nílò babaláwo láti mọ̀ pé ikú ni wọ́n dà síwájú òun. Ẹ̀sùn rẹ̀ dúró sán-ún. Ọba tó fi òfin ṣe pàkúté fún ìránṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ba òfin náà jẹ́.

Àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ lábẹ́ Ìwéré. Wọ́n pa àwọn èèyàn ọba tó bá wọn lọ, wọ́n yí padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n pàgọ́ sẹ́yìn odi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n wá gbé igbá òfo ránṣẹ́ wọlé.

Bí ìtàn Ọ̀yọ́ ṣe sọ ọ́, Aólẹ̀ jáde sí àgbàlá ààfin pẹ̀lú ọfà mẹ́ta àti àwo amọ̀ kan lọ́wọ́. Ó ta ọfà kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì ṣépè pé gbogbo ibi tí òun ta ọfà sí ni wọn yóò kó wọn lẹ́rú lọ, títí dé òkun àti ìkọjá òkun. Ó wá gbé àwo náà sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Ó ní igbá là á sọ, a kì í sọ àwo: ìyẹn ni pé igbá tó fọ́ ṣeé rán, àwo tó fọ́ kò ṣeé rán.

Èpè náà ni gbogbo ayé ń rántí. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni èmi kò lè gbàgbé, torí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Igbá tó bá sán, wọ́n á kọ́kọ́ rin ín lómi kó lè rọ̀ díẹ̀. Igbá tó gbẹ gan tí o bá fi irin kàn án, ibòmíràn ló máa tún gbà sán. Wọ́n á mú ojú méjèèjì pàdé, wọ́n á fi irin gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kìíní kejì ojú sísán náà. Ihò náà gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ sí etí. Bó bá sún mọ́ ọn jù, okùn á fà á ya. Wọ́n á tẹ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ lé ojú sísán kí omi má baà jò, wọ́n á wá fi okùn ìko gán an lọ gán an bọ̀. Kásẹ́ ni wọ́n ń pè é. Igbá tó fọ́ ní í gba kásẹ́ létí, kì í dà bí ẹni pé kò fọ́ rí, ṣùgbọ́n ó ń gba omi. Àwo amọ̀ kò ní ibi tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀. Iná ti jó o gan, bí o bá lu ihò kan sí i, o ti sọ àfọ́kù méjì di mẹ́rin.

Igbá tó wọ ààfin lọ́jọ́ yẹn jọ èyí tí wọ́n ń gbé wọ̀ ọ́ látayébáyé. Ọ̀tọ̀ lohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn àgbà méje àti àṣà ló wà lẹ́yìn igbá. Lọ́jọ́ náà, idà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní idà tó pọ̀ tó lè gbé igbá ránṣẹ́ láti ìgbà náà lọ. Adébọ̀ jẹ, kò pẹ́. Màkú jẹ, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ẹ̀, ìtẹ́ ṣófo fún ọdún mélòó kan, olórí kálukú sì ń ṣe tinú ẹ̀ nílùú tirẹ̀.

Àwọn tí Àfọ̀njá pè wá

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé Aólẹ̀ ló jẹ̀bi, pé kí ni Àfọ̀njá ì bá ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sọ pé kí nǹkan dojú dé máa ń gbà kọjá.

Ẹni tó bá kúrò lábẹ́ òfin àtijọ́ nílò agbára tí kò ti inú òfin náà wá. Àfọ̀njá pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ Sọ̀lágbẹ́rú, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sí Òkè Sùnà. Ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Haúsá tí wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn olówó Ọ̀yọ́, àwọn tó ń fárí, àwọn tó ń lọ́ okùn, àwọn tó ń da màlúù. Wọ́n sá wá bá a lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n di ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Jàmáà. Òrùka irin ni àmì wọn, wọ́n á fi ti ara wọn lu ti ara wọn láti kí ara wọn.

Ta ló ń bọ́ wọn? Kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn. Ogun tí kò ní owó oṣù, ohun tó bá kó ló ń jẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ìlú ọ̀tá bá ṣì wà láti kó, ó dára. Nígbà tí ìlú ọ̀tá tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti ọ̀rẹ́. Nígbà ayé òfin, ẹni tí ọmọ ogun bá rẹ́ jẹ mọ ibi tó máa gbé ẹjọ́ lọ. Àfọ̀njá kò ní Ògbóni tó lè dá wọn lẹ́kun, kò ní Ọ̀yọ́ Mèsì, kò ní ọba tí orúkọ rẹ̀ lè bà wọ́n lẹ́rù. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ wọn pé orúkọ ọba kò jẹ́ nǹkan kan.

Fágbohùn, olórí Jàbàtà, kìlọ̀ fún un pé kó dá wọn dúró kó tó pẹ́ jù. Kò gbọ́. Nígbà tó wá yé e, tó ní òun máa tú wọn ká, àwọn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ránṣẹ́ sí àwọn olóyè ẹ̀yìn odi pé kí wọ́n gba òun, kò sí ẹni tó tètè dé. Sọ̀lágbẹ́rú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Ní nǹkan bí 1824, Àfọ̀njá kú sójú ìjà. Ìtàn sọ pé ọfà tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò ṣubú, orí ọfà ló dúró lé. Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin lóòótọ́. Ó kúrò lọ́wọ́ Àfọ̀njá àti ìran rẹ̀ náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò lè fò dá, torí òun ló ta ko ohun tí mò ń sọ jù. Lójú ẹrú tó ń lọ́ okùn fún olówó rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ni òfin igbá òfo ṣe fún un? Kò sí àga kankan fún un láàárín àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọjọ́ tó sá dé Ìlọrin ni ọjọ́ òmìnira rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèjà ètò àtijọ́ tí kò gba èyí mọ́ra, irọ́ ló ń pa. Èmi gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe yí. Àwọn tó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tiwọn di akẹ́rú. Ní 1821 ni wọ́n kọ lu Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àjàyí rí ojú rere, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àìmọye mìíràn dé Bahia àti Kúbà, wọn kò sì padà mọ́. Ìparí ẹrú kọ́ ni ìdojúdé yẹn mú wá. Ẹni tó máa di ẹrú ló yí padà, iye wọn sì pọ̀ sí i.

Okùn tí a fọwọ́ ara wa lọ́

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ìtàn ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo Paris fún ìṣẹ́jú kan, ká tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Robespierre tó darí ìjọba ìdojúdé ilẹ̀ Faransé, ní 1791 ó bẹ ilé aṣòfin pé kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú. Ẹni rere ni lójú ara rẹ̀. Ní January 1793, wọ́n bẹ́ orí ọba. Ní 10 June 1794, ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òfin kan jáde pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀tá ìlú kàn kò ní ní lọ́yà, ìdájọ́ méjì péré ló sì wà, ìdásílẹ̀ tàbí ikú. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 28 July, wọ́n bẹ́ orí Robespierre fúnra rẹ̀ láìgbẹ́jọ́. Kò sí ẹni tó lè gbà á, nítorí gbogbo ohun tó lè gba ẹlẹ́ṣẹ̀ tàbí aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ti wó.

Edmund Burke, ará Ireland tó wà nílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i láti 1790, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń jó. Ó ní bí ẹ bá wó gbogbo àṣẹ tí èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún, àṣẹ ológun nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ọ̀gágun kan tó mọ bí a ṣe ń bá ọmọ ogun sọ̀rọ̀ á sì di olúwa gbogbo yín. Ní 1799, Napoleon gbàjọba; ní 1804, ó dé adé fún ara rẹ̀. Burke yìí kan náà ló gbè lẹ́yìn àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, òun náà ló sì ní ìjọba tí kò ní ọ̀nà láti yí padà kò ní ọ̀nà láti pẹ́. Mo fi kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rẹ́ ọba lásán ni.

Kakaǹfò ti Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ṣọ̀ún

Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni wọ́n fi joyè Àrẹ̀ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá ní 1964. Ìbò October 1965 tí wọ́n fi mú un padà sípò kò mọ́. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kò mọ́, "wẹ́tìẹ̀" sì bẹ̀rẹ̀: bẹntiróò sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn. Ní òru 15 January 1966, àwọn sójà dé, wọ́n pa á n'Íbàdàn. Ìdùnnú pọ̀ ní òpópónà. Àwọn sójà náà sọ pé àwọn wá lé àwọn tó ń gba ìdá mẹ́wàá lórí gbogbo kọ́ńtíráàtì, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn létí.

Kí ló bá a lọ? Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní ìwé òfin tirẹ̀ nígbà náà, ó ní owó kòkó tirẹ̀, ó ní aṣojú tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 24 May 1966, Òfin 34 ti ìjọba ológun tuntun pa àwọn ẹkùn rẹ́. Ní July, ìdìtẹ̀ kejì pa olórí ìjọba náà pẹ̀lú Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn, tó gbà á lálejò. Ní July 1967, ogun bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gómìnà tó bá fẹ́ dá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ohun tí wọ́n fọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún yẹn ló ń wá. Ó ti tó bí ọgọ́ta ọdún. Ìbò tí kò mọ́ ṣeé tún dì. Agbára tí ẹkùn ní nígbà náà kò tíì padà.

Èyí tó kàn kò rọrùn fún mi. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní owó orí tó lé ní pọ́n-ùn mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tí kòkó ò lówó lórí, òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Agbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ tiwọn. Ní October 1969, lẹ́yìn ìjíròrò tí Awólọ́wọ̀ dá sí, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹnìkan á wá sọ pé, ṣé o rí i, bí wọn kò bá jà, ṣé á wálẹ̀?

Mi ò lè sọ pé á wálẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé Agbẹ́kọ̀yà kò sọ pé kí ìjọba dojú dé. Wọ́n ní iye tí wọ́n fẹ́ san, wọ́n dárúkọ irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kó kúrò lọ́rùn wọn, wọ́n ní olórí tó lè jókòó sọ̀rọ̀. Okùn àti abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn bí ìbọn tilẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Níbi tí ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo ohun tó mú wá. Ní July 1969, àwọn tí inú ń bí nítorí owó orí yìí kan náà pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ṣílè mélòó ni ikú ọba yẹn yọ kúrò nínú owó orí? Kò yọ kọ́bọ̀. Owó orí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn kì í ṣe ohun tí Ṣọ̀ún ń gbé kalẹ̀. Òun kàn ni aláṣẹ tó wà nítòsí. Mo tún rántí rẹ̀ ní October 2020, nígbà tí ìbọn pa ọ̀dọ́ kan níbi ìwọ́de n'Ógbómọ̀ṣọ́, tí ìbínú sì tún gba ọ̀nà ààfin Ṣọ̀ún lọ lọ́jọ́ kejì. Ààfin kọ́ ló yìnbọn. Ìbínú tó ti kúrò lójú ọ̀nà ẹjọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń bá.

Ẹni tó kọ̀ láti sọ igbá

Ẹ má rò pé mò ń gbè lẹ́yìn ẹni tó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọmọkùnrin ọba, gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ kú. Aláàfin Àtìbà, kó tó wàjà ní 1859, ní kí Adélù ọmọ òun má kú, kó jọba, Ìbàdàn sì gbà fún un. Kúrunmí ní rárá, àṣà ni àṣà. Ó di ogun láàárín 1860 sí 1862. Àwọn ọmọ rẹ̀ kú lójú ogun, òun náà kú, Ìjàyè tó tóbi bẹ́ẹ̀ fọ́ yángá. Ta ló wà lónìí tó máa sọ pé ó yẹ kí Àrẹ̀mọ ṣì máa kú? Kúrunmí sọ igbá di àwo. Àgbà tó bá jókòó ti ìwà ìbàjẹ́ tó ní kí ọ̀dọ́ ṣe sùúrù, iṣẹ́ Kúrunmí ló ń ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká má fọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, ní 12 January 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà, tí wọ́n ti wá di Olúbàdàn báyìí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin sọ, 22 ló sì yẹ kí wọ́n jẹ́. Inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ilé aṣòfin. Ìgboro n'Íbàdàn gbóná nígbà náà, ó lè di wẹ́tìẹ̀ kejì. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ. Ó di 7 December 2006 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù tó ní kí Ládọjà padà sórí àga. Oṣù mọ́kànlá nínú sáà ọdún mẹ́rin, àdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé aṣòfin ní Nàìjíríà mọ̀ pé 18 kì í ṣe 22. Kásẹ́ nìyẹn, ó ṣì wà létí igbá.

Abala 69 nínú ìwé òfin 1999 gba ará ìlú láyè láti pe aṣòfin wọn padà sílé. Àwọn tó ju ìdajì olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lágbègbè rẹ̀ gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé, kí INEC sì ṣe ìbò láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ibi tó ti ń já nìyí: ní Kogi lọ́dún 2018, orúkọ kún inú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí INEC ní kí àwọn olórúkọ jáde wá fi ara wọn hàn, díẹ̀ ló jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, kó bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, kó fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó sì ní èèyàn tó máa kó wọn jáde lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún ọ ní àṣẹ láti béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ tó ń súni ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa lu ìlù fún ọ. Àwọn tó ń pariwo pé kí ó dojú dé, mélòó nínú wọn ló ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí? Mo béèrè tọkàntọkàn ni, torí mo gbà pé bí wọ́n bá kọ ọ́, wọ́n lè borí.

Àwọn tó kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ní nǹkan bí 1835 kò mọ̀ pé àwọn kò ní padà síbẹ̀. Àtìbà kó wọn wá sí Àgọ́ Ọ̀jà, ó tún to oyè Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje jọ, ó sì sọ ibẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìlú àtijọ́ náà ṣì wà nínú igbó ọba lápá àríwá, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú ẹranko. Odi rẹ̀ ti di òkìtì gbọọrọ, igi ti hù lé e lórí. Ẹni tó bá rìn débẹ̀ kò ní rí ilé kankan. Àfọ́kù àwo àti ìkòkò ló wà nílẹ̀ káàkiri, lábẹ́ koríko.